Apá Tí Mubashir Nà

Ọjọ́ tí Waliyah, dókítà tuntun, kọ́kọ́ rí Mubashir, ẹkún ló ń sun lórí bẹ́ńṣì kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kan n'Ìkòròdú, tó ń fi etí kóòtù funfun rẹ̀ nujú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ìyá àgbà kan lábẹ́rẹ́ ni, ó gún un títí, kò rí iṣan. Ìwé ló kà yó, kò fọwọ́ kan apá aláìsàn rí. Ṣé orí ilẹ̀ gbígbẹ la ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Ọ̀gá wọn sì ti ní ẹni tí kò bá lè fa ẹ̀jẹ̀ kí oṣù tó parí, kó máa lọ sílé.

Mubashir, dókítà tó ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, jókòó tì í. Kò ní kó má sunkún. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó na apá sí i.

"Gún mi."

"Ṣé orí yín pé?"

"Ó pé. Àmọ́ tí o bá pa mí, ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyá mi."

Waliyah gún un, ó ṣì í gún. Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ bá ti dilẹ̀, orí bẹ́ńṣì yẹn ni wọ́n á wà. Apá Mubashir wú, ó dúdú, kò fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ fi máa yọ wẹ́rẹ́, tí oṣù ò tíì parí, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Áà, ọjọ́ ń lọ!

Mubashir wá tọrọ rẹ̀ n'Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Alhaji Jẹ̀lílì tó ń ṣòwò ẹja. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, àlejò ká apá aṣọ sókè kó lè fọwọ́. Bàbá rí ojú abẹ́rẹ́ tó kún apá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ò ní fa ọmọ òun fún ọmọkọ́mọ tó ń gún oògùn olóró sára.

Mubashir dorí kodò, kò sọ ẹni tó gún un. Waliyah mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni bàbá ti ń yangàn fún pé ọwọ́ ọmọ òun kì í tàsé, Mubashir ò sì fẹ́ dójú tì í. Waliyah kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo gún un. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Apá ẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́."

Bàbá ká apá jalabíà tirẹ̀ sókè.

"Gún tèmi kí n rí i."

Waliyah mú abẹ́rẹ́ tuntun nínú báàgì, ó fi ìka wá iṣan bí Mubashir ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo apá Mubashir, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹni tó fara da èyí kó tó fẹ́ ọ, kò ní sá tó bá fẹ́ ọ tán."

Ó ní kí wọ́n lọ bá ìmáàmù mú ọjọ́ yìgì.

Lónìí, àwọn méjèèjì ló ń kọ́ àwọn dókítà tuntun nílé ìwòsàn náà. Wọ́n ti jà títí ilé ìwòsàn fi ra apá oníróbà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún aláìsàn láìjẹ́ pé ó ti fi ìyẹn dánra wò. Bẹ́ńṣì àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn, tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, Mubashir á jókòó síbẹ̀, á na apá. Waliyah kì í gún un mọ́. Á kàn máa fi ìka pa ojú ibi tó ti ṣì í gún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.