Ìbéèrè Ẹni Tó Jókòó ní Ìlà Kẹfà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, èébú ni mo fi kí i.

Mo gun àtẹ̀gùn ilé sinimá lọ sókè, ìdì ìwé lábíyá mi, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ láìkàn án. Ọkùnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ìwọ! Ta ló ní kó o máa ki ọ̀rọ̀ bọ inú fíìmù onífíìmù?"

Ó rọra gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Ẹ kú àtẹ̀gùn, Àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ mí ná, kẹ́ ẹ tó pa mí."

"Má pè mí ní Àǹtí. Afárá wo lo fi síbẹ̀?"

"Afárá kẹ̀?"

Mo da ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sẹ́yìn àwọn òǹwòran, kí n máa sàmì ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n ti pòṣé, ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Tí fíìmù bá parí, màá pín fọ́ọ̀mù fún wọn, torí ọ̀gá tó ṣe fíìmù náà fẹ́ mọ ohun tí aráyé máa sọ kó tó gbé e jáde. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń polongo ìbò ni, onírọ́ paraku. Àwọn èèyàn ń bú u bíi pé ó ń gbọ́ wọn. Obìnrin kan tiẹ̀ ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ sọ ọ́ lu ògiri.

Ìbéèrè kẹrin lórí fọ́ọ̀mù ni: Ọ̀rọ̀ wo nínú fíìmù yìí lẹ ò lè gbàgbé? Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, igba èèyàn ó lé mẹ́tàlá ló dáhùn. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀. Gbogbo wọn pátá ló kọ ọ́: Afárá náà dà?

Kò sí afárá nínú fíìmù náà. Kódà, kò sí odò.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi ka ìwé kẹwàá, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Ẹ wá wò ó látòkè níbí lọ́la," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ mi nínú ẹ̀, ẹ gé e."

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì ọ̀sán, a jọ yọjú lójú fèrèsé kékeré tó wà lókè. Ó dé ibi tí olùdíje ti ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dìde láàárín èrò inú fíìmù, ó la ẹnu láti béèrè nǹkan. Àwọn èèyàn olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pa á títí ọkùnrin náà fi jókòó. A kì í gbọ́ ohun tó sọ. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Bí ọkùnrin náà ṣe la ẹnu ni ilé sinimá dákẹ́. Kì í ṣe dídákẹ́ tí mo mọ̀; ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jókòó sẹ́yìn wọn, mi ò rántí irú ẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké gbẹ́nu dúró lágbedeméjì igbe. Lẹ́yìn náà, gbogbo orí tó wà nínú ilé náà yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọjú sí ìlà kẹfà, sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kò sẹ́nì kankan lórí àga náà.

Wọ́n ń wò ó béèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà, ọmọ ọwọ́ parí igbe ẹ̀, ẹ̀rín sì ń lọ.

Mo rí i pé mo ti di ọwọ́ kan mú. Ọwọ́ ẹ̀ ni.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?" mo bi í.

"Rárá. Ìwọ ńkọ́?"

"Rárá."

Nígbà tí wọ́n ń jáde, mo lọ bá ìyá àgbà kan. "Mọ́mì, kí lẹ wẹ̀yìn wò?"

"Ta ló wẹ̀yìn? Èmi? Pẹ̀lú ọrùn tó ń ro mí láti ọjọ́ Àìkú?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́. Ó ń pè mí ní Oníwèé, mo ń pè é ní Ará Òkè. Ó ń pín búrẹ́dì sí méjì, ó ń fún mi nínú èyí tó tóbi, ó sì ń díbọ́n pé òun ò mọ̀. Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí, àmọ́ ìfẹ́ ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí n sá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ fún mi. "Kí ibí tó di ilé sinimá, gbọ̀ngàn ìpàdé ni. Ibi tí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn wà ni bàbá mi jókòó sí. Olùkọ́ ni. Ó dìde láti bi olùdíje kan ní ìbéèrè, wọ́n sì fi àtẹ́wọ́ bo ohùn ẹ̀ títí ó fi jókòó. Nígbà tí àtẹ́wọ́ tán, kò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà."

Mi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá mi ni olórí àwọn apàtẹ́wọ́ nígbà náà," mo ní. "Tó bá na aṣọ ìnujú funfun sókè, gbogbo èrò á pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tó fi tọ́ mi nìyẹn."

Ó kọjú sí ẹ̀rọ ẹ̀ títí fíìmù fi parí. Lẹ́yìn náà ló wojú mi.

"Ṣé ìwọ lo na aṣọ?"

"Èmi kọ́."

"Jẹ búrẹ́dì ẹ nígbà náà, olólùfẹ́ mi."

Mo jẹ ẹ́ tomijé tomijé. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn wọ eegun.

Àmọ́ ìyá ẹ̀ ò rọ̀ bíi búrẹ́dì. Aránṣọ ni. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ la bá a. "Ọmọ ta ni?" ó bi mí, mo sì sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ọmọ apàtẹ́wọ́."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Kí n má bínú? Ṣé omi ni wọ́n dà sí mi lára ni?" Ó fa òwú já. "Ìwé kan wà lápò ẹ̀wù ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé. Ìbéèrè ẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọmọ tó jókòó yìí. Iwájú ọkọ mi gan-an ni bàbá ẹ dúró sí, àmọ́ ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ọkọ mi béèrè, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ, mo ṣèlérí, màá gbà ọ́ bí ọmọ. Tí kò bá lè sọ ọ́, ọmọ mi ò ní fẹ́ ọ níṣojú mi."

Èmi àti Ará Òkè wo ara wa. Àwa méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré.

Mo dé ilé, bàbá mi ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Mo bi í ní ohun tí olùkọ́ náà béèrè lọ́jọ́ yẹn.

"Ariwo pọ̀, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ti dé orí ahọ́n mi. Tí n bá sọ ọ́, mo ti lọ́kọ. Ta ló máa mọ̀? Mo la ẹnu. Àmọ́ mo rí i pé gbogbo ìgbà tí obìnrin yẹn bá wò mí láyé, irọ́ ni yóò máa wò. Mo pa ẹnu dé.

"Bàbá, a ń lọ wo sinimá lọ́la. Ti ìpolongo ìbò ni."

"Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa nínú ẹ̀?"

"Ẹ máa rí i."

Ní ẹnu ọ̀nà ni mo tó sọ fún un pé ìyàwó olùkọ́ wà nínú ilé. Ó fẹ́ pẹ̀yìn dà. Mo di apá ẹ̀wù ẹ̀ mú. "Ẹ̀yin tí ẹ kó ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́yìn, aránṣọ kan ló ń lé yín sá?" Ó wọlé. A jókòó sí ìlà karùn-ún. Ìyá Ará Òkè wà lẹ́yìn pátápátá.

Ó dé ibẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu. Ilé dákẹ́. Gbogbo orí yí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìlà kẹfà ni wọ́n kọjú sí.

Bàbá mi ni wọ́n ń wò.

Ọwọ́ bàbá mi méjèèjì dìde fúnra wọn, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síra bí ẹni fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó fipá fà wọ́n wálẹ̀, ó fi ìdí jókòó lé wọn. Àwòrán ara ògiri dúró gbagidi. Mo gbójú sókè wo fèrèsé kékeré: Ará Òkè na ọwọ́ méjèèjì sí mi pé kì í ṣe òun.

"Mo gbọ́ ọ," bàbá mi ní. Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ọmọdé. "Mo gbọ́ ọ kí n tó na aṣọ. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, afárá náà dà?' Ọmọ kíláàsì ẹ̀ méjì ti bódò lọ níbi tí olùdíje ṣèlérí afárá sí. Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì na aṣọ."

Ìyá Ará Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró síwájú ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́? Kò kọ ẹ jọ̀ọ́ sínú ìwé."

"Ó sọ ọ́, Mà."

"Ṣé ìbínú ló fi sọ ọ́?"

"Rárá o. Jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn."

Omijé gba ojú ìyá náà. "Òun náà nìyẹn," ó ní. "Òun gan-an nìyẹn." Ó nu ojú. "Mi ò dárí jì ọ́ o. Má retí ẹ̀. Àmọ́ mo ti ṣèlérí, èmi kì í sì í ṣe olùdíje."

Ó wọ ìlà kẹfà, ó fi àga ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀, ó jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ pè mí, mo lọ jókòó tì í. Àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àwọn àga ibẹ̀ máa ń ká sókè fúnra wọn tí kò bá sẹ́ni tó jókòó lé wọn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ká sókè. Bí mo ṣe ń wò ó, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, irin abẹ́ ẹ̀ sì dún bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó.

Ìyá náà ò tiẹ̀ yíjú. Ó kàn mú ọwọ́ mi, ó gbé e sórí itan ara ẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, "kí bàbá ọkọ ẹ."

Mo tẹrí ba.

"Ẹ káàsán, Sà," mo ní.