Amọ́tísọ̀ Yìí Le Jù fún Ẹnì Kan

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Lùkúmọ́nù, ilẹ̀ ló wà. Alùpùpù rẹ̀ já sínú kòtò iwájú ilé wa ní Ṣábẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lù gbàù, ó sì gbé e ṣubú. Kó tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ti dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Olùkọ́ ni, mẹ́tìrì bí a ti ń pè wọ́n, ọmọ Sàkẹ́tẹ́, tí ìjọba ológun gbé wá kọ́ àwọn ọmọ Sakin nítòsí wa. Kamarádì là ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n "olówó orí mi" ni èmi ń pè é lábẹ́ ahọ́n.

Àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi. Bàbá mi, Oyèlékè, oníṣòwò aṣọ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó, dá obì wọn padà. Ó ní ẹni tí ìjọba lè gbé kiri bí ẹrù kò lè fẹ́ ọmọ òun. Ó tún ní èmi Wàsílátù kò ní jókòó sẹ́yìn ọkùnrin kankan lórí alùpùpù, àfi ọkọ rẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ bàbá fi ṣẹ. Ìjọba ní kí Lùkúmọ́nù máa lọ sí Natitingou, ní àríwá lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo gbọ́, ńṣe ni mo dúró bí ère.

Ọ̀nà jìn, amọ́tísọ̀ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, àwọn irin wíwé méjì tó ń gbé ìjókòó, sì ti kú. Ó ra tuntun, ó kó wọn wá sí àgbàlá wa, ó ní òun wá yá sípánà bàbá mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ní sípánà nílé.

Mo bá a ti igi sábẹ́ ikùn alùpùpù kí táyà ẹ̀yìn má kanlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, mo ta epo fìtílà sí wọn. Mo fẹ́ tú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Rárá, Wàsí mi. Ọ̀kan la máa kọ́kọ́ yọ, kí èkejì ṣì dúró. Bí méjèèjì bá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn á wó."

"Ta ni yóò wá dúró tì mí tó o bá lọ?"

Ó ń tú nọ́ọ̀tì lọ. Bàbá mi, tó jókòó lórí ẹní tó ń wò wá, dìde fùú, ó jáde. Mo rò pé inú ló ń bí i.

Nígbà tó fi máa padà dé, a ti de àwọn tuntun náà tán. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí ló lọ sílẹ̀.

"Mẹ́tìrì, amọ́tísọ̀ yìí le jù fún ẹnì kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹni méjì ni wọ́n ṣe é fún."

"Wàsílátù, jókòó sẹ́yìn rẹ̀."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bà mí lẹ́sẹ̀, n ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó dùn mí. Ìyá mi, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, la ẹnu, kò lè pa á dé. Lùkúmọ́nù ń wo bàbá bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ilé Lèmọ́mù ni mo ti ń bọ̀," ni bàbá mi wí. "Ó ń dúró dè yín fún yìgì. Ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun tó máa gbé ayọ̀ rẹ̀ lọ ṣe, mi ò lè máa wò ó níran. Ẹ máa lọ, à ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo gun ẹ̀yìn alùpùpù. Nígbà tá a dé kòtò iwájú ilé, ìjókòó rọra lọ sílẹ̀, ó rọra gòkè. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. A ò tíì so yìgì, mo ti di ọkọ mi mú pinpin. Mo bojú wẹ̀yìn kí n wò ó bóyá bàbá mi rí mi. Ó rí mi. Ẹ̀rín ló ń rín.