Ṣíbí Òróró Mẹ́rin

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin mọ́kànlélógójì ní ilé ìlera kan ní Ìkọ̀lé. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ obìnrin kan wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tó fi ọ̀já so ìgò omi gbígbóná mọ́ ikùn. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, kò tú ìgò náà. Ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Adéyínká, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó ń gba ẹ̀jẹ̀, rí i láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kàn án, ó bi í pé kí ló ń kà.

"Mò ń ka oókan dé ọgọ́ta," ni obìnrin náà wí. "Bí mo bá kà á tán, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ti lọ."

Ìkẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń wọn kòkó fún oníkòkó kan ní Ayébode. Àwọn dókítà tí Adéyínká ń bá ṣiṣẹ́ ń wá bóyá ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè tú àṣírí àìsàn kan. Nínú àìsàn yìí, ohun tó yẹ kó máa hù nínú ilé ọmọ a máa hù sí ìta rẹ̀, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà jáde. Ẹndomẹtiriósìsì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ìwádìí ṣì ni. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tíì tó láti fi dájọ́. Nítorí náà, wọn yóò fi kámẹ́rà kékeré wo inú ikùn gbogbo àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun láti alẹ́ àná, kí ọ̀rá oúnjẹ má baà bá ti ara pọ̀. Ìkẹ́olúwa ní òun kò jẹ nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ̀rọ yí àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ tán ní ọ̀sán ọjọ́ náà, omi tó lé sórí ẹ̀jẹ̀ mọ́ kedere nínú ogójì. Ti Ìkẹ́olúwa funfun bí omi ògì. Adéyínká mú bírò, ó kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé: Ó purọ́. Ó ti jẹun. Òfin sọ pé bí wọn kò bá rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ gbà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n ètè tó ń ka ọgọ́ta kò kúrò lójú rẹ̀. Ó fi fóònù pè é, ó ṣàlàyé. Ìkẹ́olúwa gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀yin náà," ló wí, ó sì gé ìpè.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 2011, ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nà án lẹ́gba mẹ́fà nítorí pé kò lè dìde lórí ẹní. Ó ní ọ̀lẹ ni. Ní 2014, dókítà kan gé apẹ́ńdísì rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe apẹ́ńdísì náà. Ní 2017, nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ lọ́kọ, pé bí ó bá bímọ kan yóò lọ. Ní 2019, àwọn ará ilé Jídé, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ní ara rẹ̀ kò dá, wọ́n sì kó ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ẹnu. Kò sí ọ̀kan tó bi í pé níbo gan-an ló ń dùn ọ́, àti láti ìgbà wo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Adéyínká gun ọ̀kadà lọ sí Ayébode. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Ìkẹ́olúwa, ìyẹn Màmá Alice, ó sì bá wọn gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, màmá ṣí ìgò òróró tí wòlíì ti gbàdúrà sí, ó da ṣíbí mẹ́rin, Ìkẹ́olúwa sì gbé gbogbo rẹ̀ mì lórí ikùn òfìfo.

Adéyínká ń wò ó. "Ṣé ẹ mu èyí láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wá sí Ìkọ̀lé?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń mu ún láti ọdún méjì. Ẹ bi mí bóyá mo jẹun. Ẹ kò bi mí bóyá mo gbàdúrà."

Adéyínká yọ ìwé náà nínú àpò, ó fi ohun tó kọ hàn án, ó fagi lé e níṣojú rẹ̀, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Èmi ni mi ò béèrè dáadáa. Ó fọwọ́ sí i. Ìkẹ́olúwa kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Láti 2011," ló wí, "ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà pé òun ló ṣì í."

Màmá kò fẹ́ kó dá òróró dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ àdúrà ni, ó ní, a kì í já a láàárín. Ìkẹ́olúwa dé ìgò náà, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní Ọlọ́run kò ní bínú nítorí ọjọ́ méje. Ẹ̀jẹ̀ kejì mọ́ bí omi orí àpáta.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà Ayébode ti ń rí ẹsẹ̀ Adéyínká. Ó máa ń jókòó lórí àpò kòkó, yóò máa sọ̀rọ̀, yóò sì máa bá a gbé èyí tó wúwo. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìkẹ́olúwa ní kó gun orí ìwọ̀n. Ó gùn ún. Ìkẹ́olúwa wo ọwọ́ ìwọ̀n náà títí.

"Ẹ fúyẹ́. A kì í ra irú èyí."

"Ẹ gbà mí lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ mọ ohun tó kù nínú òun.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, Dókítà Joy, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ìwádìí náà, fi kámẹ́rà wo inú ikùn Ìkẹ́olúwa. Ìfun ti lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ilé ẹyin méjèèjì, níbi tí ẹyin tó ń di ọmọ ti ń wá, sì ti di àpò ẹ̀jẹ̀ dúdú. Ó ní àfi iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n ó ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ká ní ẹnì kan ti gbọ́ ti ọmọ yìí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Ìyá Adéyínká, Màmá Fọlákẹ́ ti Ìlúpéjú, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ìyàwó kọ́kọ́ lóyún kí àwọn tó gbé ìdána. Adéyínká sọ òótọ́ fún un.

"Kí lo wá fẹ́ fẹ́?" ni ìyá bi í.

"Ìkẹ́olúwa ni, mà."

Oṣù méjì ni ìyá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ sí Ayébode láti lọ kọ̀ ọ́ lójúkojú. Ìkẹ́olúwa kúnlẹ̀ kí i. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé aṣọ sókè díẹ̀, ó fi ikùn hàn: ojú abẹ tuntun, àti ní àyíká rẹ̀, awọ tí ìgò gbígbóná ti sun dúdú bí àwọ̀n.

Màmá Fọlákẹ́ na ọwọ́ kan awọ náà. Ó ní àbúrò òun Inúmidùn náà máa ń so ìgò mọ́ ikùn, pé àwọn ní emèrè ń yọ ọ́ lẹ́nu, àwọn sì ń nà án kó dìde. Ó kú láìlọ́kọ.

"Èmi náà nà án," ló wí. Ó bu aṣọ bo ikùn Ìkẹ́olúwa. "Ẹ bá mi wá ọjọ́ tó dára."

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ayébode. Àlùfáà gbàdúrà pé ní oṣù mẹ́sàn-án òní, ìbejì ni. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àwọn ìyá méjèèjì kò ṣe é. Adéyínká di ọwọ́ Ìkẹ́olúwa mú, ó sì gbọ́ tó ń kà lábẹ́ ètè, oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó bá a kà á dé ọgọ́ta.

Láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ni wọ́n ti yọ ilé ẹyin Ìkẹ́olúwa méjèèjì.