Ẹni Tó Ríran Gba Inú Ògiri

Ọta ìbọn gba inú ògiri kọjá, ó bá Ọ̀gá Àgbà láàárín orí. Kò tíì yọjú rárá. Ó lúgọ sẹ́yìn bíríkì ní ilé àwókù kan, ó rọra ń retí ọ̀tá. Ó ṣubú gbì bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Kò pẹ́ tí òkú fúnra rẹ̀ fi gbé fóònù.

"Àǹtí, òjóró ni wọ́n fi pa mí!"

Inú géèmù ló kú sí o, kì í ṣe láyé. Síbẹ̀, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n kó nílé. Nínú ẹgbẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìbọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ni ọwọ́ rẹ̀ já fáfá jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Àgbà. Obìnrin tó pè ni ẹgbẹ́ fi ṣe adájọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì kejì, ojú rẹ̀ lára ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ta ló pa ọ́?"

"Ọta-Tán. Ẹni tuntun yẹn."

Adájọ́ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Kò tíì pẹ́ tó dé sáàárín wọn tí wọ́n fi mú un sínú ikọ̀ tó fẹ́ lọ figagbága. Ọta-Tán ni wọ́n sọ ọ́, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, kì í ṣíwọ́ títí ìbọn á fi máa dún kọ́, kọ́, lásán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń rí i pa, tí gbogbo ẹgbẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó mọ ibi tí èèyàn ń sá pamọ́ sí ju bó ṣe yẹ kí ẹni tuntun mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn kan ti ń fura sí i tipẹ́.

Òfin ẹgbẹ́ le. Wọ́n á lé olójòóró, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó kù, kò sì ní rí ibòmíràn ṣeré mọ́ láé. Ọ̀la ni ikọ̀ sì fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀.

"Ta ló ń wá àyè rẹ̀ nínú ikọ̀?" Adájọ́ bi í.

"Ta ni ò wá a? Kò-Sùn nìkan, tó ti ń bá wa ṣeré tipẹ́, ti bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú u. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń dá a padà. Kí ló kan ìyẹn, àǹtí? Mo ní Ọta-Tán ló pa mí!"

Géèmù náà máa ń tọ́jú fídíò gbogbo eré. Adájọ́ ṣí i lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀, láàárín kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ife tíì tó ti tutù. Ó rí i kedere. Ìbọn ń tẹ̀ lé Ọ̀gá Àgbà lẹ́yìn ògiri bí ẹni pé gíláàsì ni ògiri ọ̀hún. Ẹni tó ń yìn ín dé ẹnu ọ̀nà kan, ó fò lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ó yin ọta méjì, ó ki ìbọn. Ó dé ẹnu ọ̀nà míì, ó tún fò lẹ́ẹ̀mejì. Ó yin méjì, ó tún ki ìbọn, bẹ́ẹ̀ ọta ṣì kún inú rẹ̀. Géèmù sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé Ọta-Tán ni wọ́n fi ṣe é.

Nǹkan kan ń yọ Adájọ́ lẹ́nu nínú fídíò náà. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé ọmọbìnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn, ọ̀dà funfun lára èékánná rẹ̀. Iṣẹ́ kíkun ilé ló ń ṣe. Ọta-Tán wà lórí àga, ojú rẹ̀ ti wú. Kò tíì bọ́ ẹ́púrọ̀nù tó fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké.

"Ìwọ lo ṣeré lọ́sàn-án yìí?"

"Rárá, mà. Orí ń fọ́ mi, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sùn. Ìgbà tí mo jí ni mo rí i pé gbogbo ayé ń bú mi ní olè."

"Ta ló wà nílé?"

"Bọ̀dá mi. Àti ẹni tó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe. Fáànù inú rẹ̀ ń pariwo."

"Báwo lo ṣe máa ń mọ ibi tí èèyàn lúgọ sí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ láàárín ẹkún. "Mà, àwọn ọmọ tí mo ń tọ́jú, bójúbójú ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá sá pamọ́ ṣì máa fẹ́ yọjú wo ẹni tó ń wá a. Ibi tó ti lè yọjú ni mo máa ń wò. Àwọn àgbàlagbà yín náà, bákan náà ni wọ́n ń ṣe."

Adájọ́ yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, mà? Ọ̀dà ni mo mọ̀. Mo kàn bá a ṣí àkáǹtì ni, torí kò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ni kí ẹ lọ bi."

Adájọ́ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wáyà rẹpẹtẹ lọ́rùn rẹ̀.

"Mo tú fáànù, mo nù ún, mo dì í padà. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, bọ̀dá ilé ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"O máa ń ṣe eré ìbọn?"

"Àǹtí, tí táyà bá bẹ́ lójú títì yìí, abẹ́ tábìlì lẹ ti máa bá mi!"

Adájọ́ ní kó fọwọ́ kan eré náà kí òun wò ó. Ó ń wá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó dojú kọ ògiri, kò mọ bó ṣe máa yí padà. Àánú ṣe Adájọ́, ó ní ó ti tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ tuntun. Kó tó ki ọkọ̀ sí jíà, á kọ́kọ́ mi ọ̀pá jíà sọ́tùn-ún sósì.

"Kí lo ń mì í fún?"

"Mo mi kí ni, mà?"

Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Adájọ́ tẹ bíréèkì débi pé ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá gíláàsì.

Ó sáré padà sídìí fídíò. Ó wo àwọn eré àtijọ́ Ọta-Tán. Kò sí ibì kankan tó ti fò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ki ìbọn rí kí ọta tó tán. Ta wá ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó rántí ẹnì kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó mojú rẹ̀. Ó ṣí eré Kò-Sùn. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó yin méjì, ó ki ìbọn.

Ó pe Ọ̀gá Àgbà. "Wọlé sínú eré, kí o lúgọ. Tí o bá ti rí àkáǹtì Ọta-Tán, da ìbọn bò ó."

Nílé Ọta-Tán, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Bá mi rìn wọ ilé yẹn, jẹ́ kí n wo bóyá bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ṣáà gbìyànjú."

Ó ń táràrà, ó ń forí sọ ògiri bí ẹni tó mutí yó. Ìbọn Ọ̀gá Àgbà bú gbàù lójijì. Ọkùnrin náà sá dé ẹnu ọ̀nà, ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó yin ọta méjì, ó ki ìbọn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kò-Sùn," Adájọ́ ní, "o káre."

Àbúrò rẹ̀ dìde. "Ta ni Kò-Sùn?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Nígbà tí o ń sùn, tí ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ti lọ, ó fi páásíwọ́ọ̀dù tó ṣe fún ọ wọlé. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń ríran gba inú ògiri sí i, ó pa Ọ̀gá Àgbà, ó sì yọ ọ́ kúrò. Gbogbo nǹkan ló fara wé, àfi ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n kò jiyàn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Káfẹ̀ ni mo ti ń ṣe é. Ojú ń tì mí láti sọ nílé. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti ń bẹ̀ yín, mà? Ẹ ò tiẹ̀ fún mi lésì míì ju 'kò tíì yá' lọ. Ẹni tó dé lánàá, tí ọta ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, òun lẹ mú."

"Ṣé mo gba nǹkan yín ni?" Ọta-Tán bi í. "Lánàá tí mò ń sunkún, tí ẹ jókòó tì mí, tí ẹ ń bá mi nujú. Bọ̀dá mi, kí lẹ ń rò?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ha ọ̀dà ara èékánná rẹ̀. "Mò ń rò pé ó ti parí nìyẹn. Àwa méjèèjì ni wọn ò mú."

Ọmọbìnrin náà ò sunkún mọ́. Ìyẹn gan-an ló ba Adájọ́ lọ́kàn jẹ́ jù. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ pé Ọta-Tán ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àyè rẹ̀ ṣì wà nínú ikọ̀. Kò-Sùn ló ṣe é, wọ́n sì ti lé e. Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

Ọta-Tán ò kà á. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn bọ́tìnnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Bọ̀dá mi ló máa ń bá mi ṣe irú ẹ̀."

Adájọ́ fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí ògiri.