Àmì Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lára Báàgì

Nígbà tí Àlàájì Làmídì ti Àbíjàn padà dé sí Èjìgbò, ó bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní fífọ́, ilé sì ti ṣófo. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí arìnrìnàjò méjì mìíràn rí.

Ará Èjìgbò kì í polongo ọjọ́ tí yóò rìnrìn àjò. Hàlímàt, akọ̀wé ibùdókọ̀, nìkan ni wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni Àlàájì wí, wọ́n sì fi ọmọbìnrin náà sí àtìmọ́lé. Ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kí ètò ìgbéyàwó dúró ná.

Inspẹ́kítọ̀ Ọmọpẹ́, obìnrin tí kì í kánjú, lọ sí ibùdókọ̀. Najeem tó ń di ẹrù sọ́kọ̀ ní akọ̀wé ni kó bi, pé òun kò mọ̀wé rárá.

Láti ibẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Màmá Àríkẹ́, aránṣọ tí òun àti Àlàájì jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ. Olè kò dé ilé tirẹ̀. Ọmọpẹ́ yẹ báàgì rẹ̀ wò. Wọ́n ti gé àmì pélébé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn sí méjì.

"Ẹ̀yin lẹ gé e, mà?"

"Èmi ni. Báàgì mi ni wọ́n ń lẹ nǹkan mọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tà mí. Ṣé ọjà ni mí ni?"

Ọmọpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá kan tó múra bí èrò gbé báàgì wá sọ́kọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ká Najeem mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan tó ṣófo lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

"Àǹtí Ooreolúwa ni mo wá kí, mà," ni ó wí.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí," ni Ọmọpẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo hùmọ̀ orúkọ yẹn. Inú àmì ara báàgì tí ọlọ́pàá wa gbé wá sọ́kọ̀ nìkan ni mo ní kí wọ́n fi òun àti àdírẹ́sì ilé yìí sí, Hàlímàt sì wà ní àtìmọ́lé. Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Wọ́n yẹ ara Najeem wò. Wọ́n bá ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò rẹ̀.

Ọmọpẹ́ wá ṣàlàyé fún Àlàájì pé wáyà tín-ín-rín inú àmì náà ló ń fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni báàgì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ náà á sì pè é sókè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka ìwé kankan. Bí wọ́n bá ti gé wáyà náà, àmì ti kú nìyẹn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí olè kò fi mọ ilé Màmá Àríkẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti gé gbogbo àmì wọn dànù, ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà sì ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Hàlímàt padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá a ni Àlàájì Làmídì. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí ọmọbìnrin náà, ó sì sọ ọjọ́ tí òun yóò padà sí Àbíjàn fún un, Hàlímàt nìkan ṣoṣo.