Ihò Tó Wà Lára Ògiri Sítọ́ọ̀

Ohun dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ orí láti inú ògiri, ó ń mì, ó sì ń gùn sí i. Mọ́ṣádé kò kígbe. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà náà lu nǹkan ọ̀hún lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lu wáyà mi?" Ohùn ọkùnrin ló jáde láti inú ògiri.

Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ihò kan wà lára ògiri náà tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ. Ojú ènìyàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Ojú náà dúdú, ó mọ́, eruku símẹ́ńtì sì ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Mo rò pé ejò ni," ni Mọ́ṣádé wí.

"Ẹ sì dúró lù ú? Ẹlòmíràn ì bá ti sá."

"Bí mo bá sá, ṣé ejò náà ò ní í wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá padà dé?"

Ojú náà rẹ́rìn-ín. Mọ́ṣádé kò tíì rí imú onítọ̀hún, kò tíì rí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó sì ran wáyà náà lọ́wọ́ láti kọjá.

Bí Mọ́ṣádé ṣe pàdé Múfútáù Sàlàkọ́ nìyẹn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1987. Ọ̀gá Adélékè, tó ń kó oògùn fún àwọn tó ní ilé oògùn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló gba àwọn méjèèjì síṣẹ́. Káńtà wà níwájú, sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn ògiri. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí ẹnìkan bá bèèrè oògùn, akọ̀wé á wọ inú sítọ́ọ̀ lọ, á máa tú páálí, oníbàárà á sì máa tòògbé lórí bẹ́ǹṣì.

Ó sú Ọ̀gá Adélékè. Ó ra kọ̀ǹpútà méjì. Ọ̀kan máa wà ní káńtà, á máa gba ìbéèrè. Èkejì máa wà ní sítọ́ọ̀, á mọ ohun tó wà àti ohun tó ti tán. Wáyà ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Mọ́ṣádé ni yóò kọ ètò ti iwájú, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà máa tẹ̀lé. Múfútáù ni yóò kọ ètò ti ẹ̀yìn.

Ọmọ Ayépé ni Mọ́ṣádé. Ó ga, ó sì máa ń wo ènìyàn lójú kó tó dáhùn. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Walter, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Múfútáù wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Kúbúrátù tó ń ta kòkó ni ìyá rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni ìjà àkọ́kọ́ ti wá.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan bèèrè oògùn ikọ́. Kọ̀ǹpútà iwájú gbé ìbéèrè náà lọ sẹ́yìn. Kò sí èsì. Kọ̀ǹpútà dúró, ọkùnrin náà dúró, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ náà dúró. Mọ́ṣádé gbé ẹnu sí ihò ògiri.

"Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́! Ṣé ètò yín ti kú ni?"

"Kò kú. Oògùn ikọ́ yẹn ni kò sí."

"Kí ló dé tí kò sọ pé kò sí?"

"Mo kọ ọ́ pé bí nǹkan bá wà, kó sọ. Bí kò bá sí, kó dákẹ́. Kí la fẹ́ máa fi 'kò sí' ba ènìyàn nínú jẹ́ fún?"

"Ètò tèmi ò mọ̀ pé ẹ dákẹ́. Ó rò pé ẹ ṣì ń wá a ni. Ẹni tó bá sọ fún mi pé kò sí ti jẹ́ kí n lọ wá a níbòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́ ti so mí mọ́lẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Múfútáù wí. "Mo ṣe àṣìṣe."

Ìyẹn ya Mọ́ṣádé lẹ́nu. Kò tíì gbọ́ ọ rí kí ọkùnrin sọ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣe àlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wọ́n jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, abọ́ gàrí tútù àti ẹja díndín láàárín wọn, wọ́n sì ṣe àdéhùn. Iwájú á gbé ìbéèrè lọ bí oníbàárà ṣe bèèrè rẹ̀, kò ní í fi kún un, kò ní í yọ kúrò. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dáhùn: "Ó wà", "Kò sí", tàbí "Mi ò mọ̀ ọ́n". Bó bá sọ tán, kó fi àmì sí òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnìkejì lè mọ̀ pé ó ti sọ tán.

"Ẹ bá mi fún màmá mi ní àmì òpin yẹn," ni Múfútáù wí. "Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a kì í mọ ibi tó parí sí."

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín débi pé gàrí gba ọ̀nà ọ̀fun òdì.

Ó ku ohun kan. Ètò Múfútáù ń lọ́ra. Bí ìbéèrè kan bá dé, ètò náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, á ka gbogbo ohun tó wà ní sítọ́ọ̀, á dáhùn, á sì kú. Bí òmíràn bá dé, ó di dandan kó tún jí dìde láti ìbẹ̀rẹ̀. Múfútáù fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, bó ṣe ti ìrun dé, ó gbé ẹnu sí ihò.

"Mo ti tún un ṣe. Kò ní í kú mọ́. Bó bá dáhùn tán, á dúró síbẹ̀, á máa retí rẹ."

Mọ́ṣádé gbọ́ "rẹ" yẹn. Láti ọjọ́ wáyà, "ẹ" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ó wo ihò náà, kò sì bá a wí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun. Múfútáù gbìyànjú láti máa pè é ní "oyin mi".

"Má pè mí ní oyin," ni Mọ́ṣádé wí. "Orúkọ wà lára mi."

"Kí n wá pè ọ́ ní kí ni?"

"Mọ́ṣádé. Bó bá ti ẹnu rẹ jáde, ó tó mi."

Nígbà ọyẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oníbàárà kò pọ̀, Mọ́ṣádé ń dán wáyà wò. Ó tẹ "ọkọ" síbi tó yẹ kó tẹ orúkọ oògùn sí. Sítọ́ọ̀ dáhùn pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ògiri. Lọ́sàn-án, Múfútáù ní, "Tún un tẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Èsì yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ó wà. Ẹyọ kan."

Mọ́ṣádé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó jókòó, kò sọ nǹkan kan.

"Mọ́ṣádé," ni ohùn náà wí nínú ihò. "Ṣé o dákẹ́ ni? Ta ló ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mọ́ṣádé wí. "Mo gbà. Àmì òpin."

Ó wá ku àwọn òbí: Onígbàgbọ́ ni ti Mọ́ṣádé, Mùsùlùmí ni ti Múfútáù. Ọkùnrin kì í dédé lọ bá bàbá ọmọbìnrin, alárinà ló ń lọ. Àǹtí Matilda, àbúrò Tíṣà Walter, ní òun ni kí wọ́n rán. Ó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Kúbúrátù sì ti pẹ́ tó ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà tọkàntọkàn.

Ó dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sọ fún Kúbúrátù pé, "Ọmọ yẹn máa gba ẹ̀sìn yín. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kírun." Ó dé Ayépé, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọkùnrin náà máa ṣe ìrìbọmi. Ó ti yan orúkọ Simeon." Kò sẹ́ni tó rán an ní ìkankan nínú rẹ̀. Inú ìdílé méjèèjì dùn, wọ́n sì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Lọ́jọ́ náà, ní pálọ̀ Tíṣà Walter ní Ayépé, Kúbúrátù gbé ẹ̀bùn ìyàwó sórí tábìlì: ẹní ìkírun tuntun àti tẹ̀sùbáà. Tíṣà Walter náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ: Bíbélì tó ti kọ "Simeon" sí níwájú. Ẹ̀bùn méjèèjì jókòó ti ara wọn.

"Ta ni Simeon?" ni Kúbúrátù bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Matilda. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

Tíṣà Walter dìde. "Ẹni tó fi irọ́ wá ọmọ mi, kò ní í fẹ́ ẹ. Ẹ máa lọ sílé."

Kúbúrátù ká ẹní rẹ̀. "Àwa náà ò fẹ́ ẹ mọ́," ló wí, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wà níbi iṣẹ́, ògiri wà láàárín wọn. Mọ́ṣádé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́."

"Àwa la bà á jẹ́," ni Múfútáù wí. "Wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a sì mọ̀. Ìwọ ò bi mí, èmi ò bi ọ́. A rán Àǹtí lọ láìfún wọn ní èsì. Ibi tí a dákẹ́ sí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí."

Mọ́ṣádé dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà wọ sítọ́ọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ihò. Wọ́n jókòó sórí páálí, wọ́n sì bi ara wọn léèrè. Ṣé Mọ́ṣádé máa kírun? Kò ní í kírun. Ṣé Múfútáù máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Kò ní í lọ. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n á mọ ọ̀nà ibi méjèèjì, bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á yàn. Mọ́ṣádé sunkún díẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Ó dáa. Kò ní í sí alárinà mọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, Múfútáù lọ sí Ayépé, Mọ́ṣádé lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Tíṣà Walter ń gé ẹ̀ka ọsàn lẹ́yìn ilé. Múfútáù dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kó dìde, òun náà kò sì dìde.

"Simeon," ni bàbá wí.

"Rárá, sà. Múfútáù ni mò ń jẹ́."

"Ṣé o máa ṣe ìrìbọmi?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o máa sọ ọmọ mi di Mùsùlùmí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé ohun tí mo fi lè lé ọ lò ń sọ yìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Kí ló wá dé tí o fi ń sọ ọ́?"

"Ọmọ yín ló kọ́ mi. Bí mo bá purọ́ fún yín, ẹ ó máa retí ohun tí kò ní í dé."

Tíṣà Walter gé ẹ̀ka kan sí i. "Bí nǹkan bá le, ṣé o máa dúró tì í?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá sọ ẹ̀ka náà sílẹ̀. "Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ," ló wí. "Ọmọ tó bá ń sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' sí gbogbo ìbéèrè, kò gbọ́ ẹ̀kọ́. 'Rárá' rẹ mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n gba 'bẹ́ẹ̀ ni' rẹ gbọ́. Dìde, gbọn eruku àyà rẹ nù. Ọsàn wà níbẹ̀ yẹn."

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Kúbúrátù ń tú kòkó tó sá sí oòrùn. Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, ó sọ tirẹ̀, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

"O ò ní í kírun," ni Kúbúrátù wí.

"Mi ò ní í kírun, mà."

"Ẹran Iléyá mi ńkọ́?"

"Mo máa bá yín lọ ata rẹ̀, mà. Mo máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé ọmọ mi o."

"Kò ní í wọ̀ ọ́, mà."

Kúbúrátù tú kòkó síwá, ó tú u sẹ́yìn. "Matilda ní o ń kírun bí ọmọ ààfáà," ló wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bọ́ bàtà rẹ. Gba igi yìí, kí o bá mi tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún."

Kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Tíṣà Walter jókòó ti Kúbúrátù, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ kòkó. Wọ́n ti dárí ji Àǹtí Matilda, ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ní kó wá sè. Ohun tó wù ú ni kó fi kún ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà síbi iṣẹ́, Mọ́ṣádé tan kọ̀ǹpútà iwájú. Kò tíì sí oníbàárà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tẹ "ọkọ".

Èsì yọ kíákíá: "Kò sí. Ó ti tán. Ìwọ lo gbé ẹyọ kan tó wà."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ihò ògiri. Ojú kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tó ń retí rẹ̀.