Ohùn Inú Kúlà

Ǹjẹ́ òkú lè mú olè? Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó má tíì búra. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú Ìyá Aránṣọ rí.

Etí odò tí àwọn erin ti ń mumi ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kó òun, ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn èrò mìíràn wá wo ọgbà ẹranko ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni ọkùnrin kan yọ sí wọn, tòun ti aṣọ kàkí, fìlà etí gbòòrò àti awò dúdú.

"Igbe fóònù máa ń bí erin nínú. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ kó o fún mi. Ẹ óò gbà á tí ẹ bá dé."

Wọ́n kó o fún un, wọ́n tún dúpẹ́. Ta ni yóò bá kàkí jiyàn níwájú erin? Nígbà tí wọ́n fi wo erin tán, tí wọ́n darí dé, kàkí ti di àwátì.

"Àwa ẹ̀ṣọ́ kì í gba fóònù ẹnikẹ́ni," ni ẹ̀ṣọ́ tòótọ́ wí.

Fóònù ni àwọn yòókù ń sunkún. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ń sunkún. Inú fóònù náà nìkan ni ohùn bàbá kù sí láti ìgbà tí ó ti kú, níbi tí ó ti ń bá a wí nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Màmá, ẹ gba kámú," ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"N kò gbà! Mọ́tò àdáni kì í wọ inú ọgbà yìí. Ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn jáde, kìnnìún ló ń wá. Ọkọ̀ wa yìí nìkan ló kù. Àwa àti olè náà la jọ ń lọ sílé!"

Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tú báàgì gbogbo èrò. Ọkùnrin kan tí ó gbé kúlà ńlá sẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni igbe rẹ̀ pọ̀ jù: "Fóònù mi! Mo gbé!" Ẹ̀ṣọ́ ṣí kúlà náà: yìnyín àti ìgò ohun mímu.

"Ẹ mú ọ̀kan, ọ̀gá. Oòrùn yìí pọ̀."

Ẹ̀ṣọ́ mú ọ̀kan.

"Màmá lọ́yà, ẹ kú àròjinlẹ̀ o!" ni ọkùnrin náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ gbéra.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n jáde ni ohùn àgbàlagbà kan sọ láàárín wọn: "Olórí kunkun! O ti gbàgbé oògùn rẹ, àbí?"



"N kò tíì lò ó, Bàbá," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun lanu.

Kúlà tún bá a wí. Lóòótọ́ ni wọ́n ti pa ohùn fóònù, ṣùgbọ́n agogo tí bàbá fi ohùn ara rẹ̀ ṣe sínú rẹ̀, láti máa rán an létí oògùn, kò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà fò dìde. "Dẹrẹ́bà, ṣílẹ̀kùn!"

"Ṣé fún ìwọ ni, àbí fún kìnnìún?"

Ó wo ìta, ó jókòó fúnra rẹ̀. Wọ́n kó yìnyín kúrò: gbogbo fóònù wà nínú ọ̀rá nísàlẹ̀, kàkí sì ni ó fi wé wọn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá ibẹ̀ wò ó látòkèdélẹ̀. "Ìwọ lo kó wọn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ ṣàánú mi."

"Ta ló mú ọ?"

Ó wo ẹ̀ṣọ́. Ó wo awakọ̀. Ó wo Ìyá Aránṣọ, tí ó gbé fóònù sáyà, tí ó ń gbé oògùn mì.

"Ọkọ màmá yẹn ni, sà."

"Ó dà? Kó wá ṣàlàyé."

"Kò lè wá, sà. Òkú ló mú mi."